Okùn, Àmùrè àti Bàtà: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Gun Àpáta

    

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání lórí rédíò lálẹ́ òní yóò ya àwọn àgbà kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ àpáta gígùn ni, tí kì í sì í ṣe irú gígùn tí ogun fi ń lé àwọn baba wa sórí òkè, bí kò ṣe èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣeré, tí wọ́n ń fi ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ wá ihò àti ìlà kéékèèké lára òkúta títí wọn yóò fi dé téńté orí rẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá kan yóò ti máa wí nínú ara rẹ̀ báyìí pé, kí ló sọnù sórí àpáta tí ọmọ òun ń lọ wá? Bàbá, kò sí ohun tó sọnù. Eré yìí ti di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ni. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Tókíyò, èyí tí wọ́n ṣe ní 2021, ni wọ́n kọ́kọ́ kà á mọ́ àwọn eré tí a ń gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà lé lórí, South Africa sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa náà ní ojú, wọ́n sì ní etí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kó ara wọn jọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lọ sí Àdó-Àwáyè lọ́nà Ìṣẹ́yìn, lọ sí Ìgbẹ̀tì, lọ sí Ìdànrè. Bí wọ́n bá sì ti gun ibi tó ní àtẹ̀gùn tán, ojú wọn a máa lọ sí ara ògiri àpáta tí kò ní àtẹ̀gùn, ọkàn wọn a sì máa fà sí i. Ẹ̀rù tó ń ba èmi kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gùn ún. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi gùn ún ló ń bà mí lẹ́rù. Òwe àwọn baba wa sọ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àgbà tó sọ pé kí onítọ̀hún má wo èkù àáké náà, bóyá ó dúró gírígírí, kí ó tó gbé e sókè.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé àjèjì ni òkè jẹ́ sí ọmọ Oòduà. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé Abẹ́òkúta ní 1830. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ti ń jọba, tí wọ́n ti ń bímọ, tí wọ́n ti ń sin òkú wọn, títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣakí ní Àsàbàrí, Ìgbẹ̀tì ní Ìyámọ̀pó, Ìbàdàn kì í sì í jẹ́ kí ọdún yípo kó má bọ Òkèbàdàn. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa ń tọ̀ gòkè, ọ̀nà tó gba ibi tí òkúta ti rọ̀ díẹ̀, tí aboyún lè rìn, tí arúgbó lè fi ọ̀pá tẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lónìí kò nílò ju bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, omi mímu tó pọ̀ àti fìlà tí yóò dá oòrùn dúró. Bí ẹ bá ti gbọ́ èyí tán, ẹ̀yin tí àtẹ̀gùn Ìdànrè tàbí ti Àdó-Àwáyè bá tó, ẹ lè lọ máa jẹun yín. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀nà sílẹ̀, tó fẹ́ gba ojú àpáta fúnra rẹ̀ kọjá, ni mo ń bá wí.

Nílẹ̀ wa níbí, ẹnìkan wà tó ti mọ òfin iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́. Akọ́pẹ ni. Ẹ wo akọ́pẹ bó bá dé ìdí ọ̀pẹ: kò ní sáré gùn. Yóò kọ́kọ́ sọ igbà rẹ̀ kalẹ̀ láti èjìká, yóò máa fọwọ́ pa á wò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, yóò wo ibi tí fọ́nrán rẹ̀ ti ń ṣí, ibi tí ọ̀rinrin ti mú, ibi tí kòkòrò ti jẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé e yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, yóò so ó, yóò sì fi ẹ̀yìn tì í lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí ó tó fa ẹ̀mí rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kì í yá igbà ẹlòmíràn tí kò mọ bó ti ṣe lò ó. Bí igbà tirẹ̀ bá sì gbó, kì í gbé e lọ sọ́jà lọ tà. Ohun tí ìwé àwọn agunkè ilẹ̀ òkèèrè ń fi ojú ewé púpọ̀ kọ́ ni, akọ́pẹ a máa ṣe é tán kí ó tó tu itọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Àwọn òyìnbó pàápàá, ikú ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n yìí. Òkè kan wà ní ààlà ilẹ̀ Switzerland àti Ítálì tí wọ́n ń pè ní Matterhorn, tí gíga rẹ̀ tó 4,478 mítà, tó rí ṣóńṣó bí ẹni gbẹ́ ẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbìyànjú láti dé orí rẹ̀ tí wọn kò lè dé e. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1865, àwọn ọkùnrin méje tí Edward Whymper, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe aṣíwájú wọn, dé orí òkè náà, wọ́n yọ̀, wọ́n hó ìhó ayọ̀, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà ilé. Ọmọ ọdún 19 kan wà láàrin wọn tó ń jẹ́ Douglas Hadow, tí kò tíì mọ iṣẹ́ òkè dunjú. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí okùn so gbogbo wọn mọ́ra, ẹsẹ̀ ọmọ yìí yọ̀, ó ṣubú lu Michel Croz tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì fa Charles Hudson, Hudson fa Francis Douglas. Whymper àti Peter Taugwalder àgbà, tí wọ́n wà lókè, rọ̀ mọ́ àpáta pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, kí okùn lè dá àwọn tó ń lọ dúró. Okùn fà, ó le tantan, ó sì já ní agbedeméjì Taugwalder àti Douglas. Mẹ́rin nínú méje lọ sí ìsàlẹ̀ tó jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn kò rí òkú Douglas.

Nígbà tí Whymper wá gbé ìyókù okùn náà yẹ̀ wò, ó rí i pé èyí tó gbó jù, tí agbára rẹ̀ sì kéré jù, nínú irú okùn mẹ́ta tí wọ́n kó wá ni. Okùn tó le jù ú lọ wà lọ́wọ́ wọn lórí òkè lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n béèrè lọ́wọ́ Taugwalder ìdí tó fi jẹ́ pé èyí ló so, àwọn kan tilẹ̀ fẹ̀sùn kàn án pé ó fi ọ̀bẹ gé e, ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ègé okùn tó já náà sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Zermatt títí di òní, ẹni tó bá débẹ̀ lè wò ó. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni okùn, bí a bá ká a jọ sílẹ̀, dáadáa àti burúkú a máa jọra. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ru ọmọ ọdún 19 náà. Èmi kò gbà. Ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò lè ṣe kó má yọ̀. Nítorí kí ẹsẹ̀ lè yọ̀ kí ènìyàn má sì kú ni a ṣe ń so okùn.

Láti inú ìtàn yìí ni mo ti fẹ́ fa òfin kan yọ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ náwó lórí eré yìí, nítorí mo mọ ìlú wa, mo mọ bí a ti fẹ́ràn tòkunbọ̀ àti òkìrìkà, n kò sì fi ìyẹn bú ẹnikẹ́ni. Aṣọ tó wà lọ́rùn èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí mo ti rà á, mo lè má dáhùn. Òfin náà nìyí: ohun èlò tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ láti gòkè, o lè rà á ní àlòkù, èyí tí yóò gbà ọ́ bí o bá já bọ́, tuntun ni kí o rà, lọ́wọ́ ẹni tó lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a fi òfin yìí wo ẹrù agunpáta.

Bàtà ni yóò ṣáájú. Àpáta ilẹ̀ wa, òkúta líle tí òjò àìmọye ọdún ti fọ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán, kì í ní ihò púpọ̀ tí ọwọ́ lè dì mú. Ẹsẹ̀ ni a fi ń gùn ún, bí a ti ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ̀. Nítorí náà, bàtà àpáta kò jọ bàtà bọ́ọ̀lù, kò sì jọ kámbáàsì tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń wọ̀. Rọ́bà pẹrẹsẹ tí kò ní ilà kankan ni ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀, nítorí bí rọ́bà náà ti fara kan òkúta tó ni yóò ti dì í mú tó. Ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ ẹsẹ̀, kí ọmọ-ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń dun ni. Àwọn tó ti di ògbóǹkangí a máa wọ èyí tí iwájú rẹ̀ tẹ̀ kọ̀dọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ bí èékánná àṣá, àwọn ọmọdé a sì fẹ́ ra irú rẹ̀ nítorí pé wọ́n rí i lẹ́sẹ̀ wọn nínú fídíò. Ìyà ni wọ́n ń rà. Èyí tó tẹ́ ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rà, kí ó sì lọ dán an wò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìrìn ọjọ́ ti mú kí ẹsẹ̀ wú díẹ̀. Bó bá rí àlòkù tó bá a mu, kí ó rà á láìbẹ̀rù. Bí bàtà bá já a kulẹ̀, ẹsẹ̀ yóò yọ̀, okùn yóò sì gbà á.

Àmùrè ló kàn, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ìbàdí àti itan méjèèjì, tí okùn yóò so mọ́ níwájú. Láyé Whymper, okùn ni wọ́n ń so mọ́ ikùn gbalaja. Ẹni tó bá já bọ́ tó sì so rọ̀ bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ a máa há, kò sì ní pẹ́ kú bí okùn kò tilẹ̀ já. Àmùrè òde òní a máa pín ìwọ̀n ara sí itan, kí ènìyàn lè jókòó sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni jókòó sórí àpótí. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ dè é, kí ẹ sì rí i pé ó wà lókè egungun ìbàdí, tí kò ní fà wálẹ̀ bí ẹ bá tilẹ̀ fi agbára fà á, nítorí bí orí bá dojú kọlẹ̀, àmùrè tó wà nísàlẹ̀ egungun ìbàdí lè bọ́ kúrò lára olówó rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó jẹ́ kí ẹ so rọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ kọ ọjà rẹ̀ náà. Tuntun ni o, kì í ṣe àlòkù. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹnìkan mú àwòrán lọ bá télọ̀ tàbí aránbàtà pé kí ó bá òun rán an. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìránṣọ tí yóò gba ènìyàn tó ń já bọ́ dúró, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dán an wò.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Akoto ni ohun kẹta, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ̀ jù, wọ́n ní ó ń ba ẹwà fọ́tò jẹ́. Kì í ṣe ti àtijábọ́ nìkan ni a fi ń dé e. Òkúta kékeré tí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè tì, ìkọ́ irin tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì, ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko létí òkè tó sì ta òkò sísàlẹ̀, gbogbo wọn ló ń wá orí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé èyí tí ọlọ́kadà ń dé yóò ṣe é. Kò ní ṣe é: ó wúwo, ó ń mú orí gbóná, ó sì ń di etí, tí ẹni tó dé e kò fi ní gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ké láti òkè pé òkúta ń bọ̀. Ti àwọn bíríkìlà náà kò ṣe é, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe okùn àgbọ̀n rẹ̀ kí ó tètè já kúrò, kí ó má baà fún òṣìṣẹ́ lọ́rùn bó bá há síbì kan. Orí àpáta sì ni ibi tí a kò ti fẹ́ kí akoto fò kúrò lórí. Èyí tí wọ́n ṣe fún agunkè ni kí ẹ rà, tuntun pẹ̀lú, nítorí akoto tó ti gba òkúta rí lè ti sán nínú láìsí àpá lóde.

Mo wá dé orí okùn, níbi tí mo fẹ́ kí ẹ súnmọ́ rédíò yín. Láti ayé Whymper títí di ìgbà ogun Hitler, àwọn fọ́nrán igi àti ewéko ni wọ́n ń hun ní okùn, omi a máa mu ún, a sì máa rà. Ogun náà ló mú náílọ́ọ̀nù wá. Ní 1953, ọdún tí Tenzing àti Hillary tẹ orí Everest, ilé-iṣẹ́ Edelrid ní Jámánì ṣe irú okùn kan tó ní inú tó sì ní èèpo: fọ́nrán gígùn ló wà nínú, òun ló ń gbé ìwọ̀n, èèpo híhun wà lóde, òun ni òkúta ń ha. Irú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń lò lónìí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára okùn tí ẹ fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí èyí tí ẹ fi ń fa omi nínú kànga, ni pé okùn àpáta a máa nà. Bí okùn tí kò nà bá gba ẹni tó ń já bọ́, òjijì ni yóò dá a dúró, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò sì gba gbogbo agbára ìṣubú náà. Èyí tó ń nà yóò fi sùúrù gbà á. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Yúróòpù, tí ẹgbẹ́ àwọn agunkè àgbáyé, UIAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, náà sì fọwọ́ sí, ni pé irú okùn tí a ń lò ní ẹyọ kan gbọ́dọ̀ gba irin tó wọn kìlógíráàmù 80 dúró bí wọ́n ti ń jù ú sílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó má já. Ẹ wo àmì ìlànà yìí lára rẹ̀. Èyí tó nípọn tó mìlímítà mẹ́wàá ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú, nítorí ó rọrùn láti dì mú, ó sì ń pẹ́ kí ó tó gbó.

Ní ti gígùn, mítà 60 ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n okùn kì í gùn títí kó má lópin, ẹ sì fetí sí mi dáadáa níbí: okùn tó lọ sókè tó sì padà wálẹ̀, ìlọ́po méjì gíga àpáta ni ó ń jẹ. Okùn mítà 60 kò lè sin àpáta tó ju mítà 30 lọ. Ọ̀pọ̀ tó ti kú lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè, okùn wọn kò já rárá. Ó tán ni, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ yọ kọjá lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wọn dì í mú nísàlẹ̀. Kókó ni kí ẹ ta sí ìpẹ̀kun okùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Owó kọ́bọ̀ kan kì í wọ̀ ọ́.

Okùn a máa darúgbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló sọ pé ó pẹ́ tán ọdún mẹ́wàá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpótí ló wà. Bí a bá sì ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ní tó ìdajì ìyẹn. Oòrùn ọ̀tá rẹ̀ ni, ẹ má sá a sórí páànù. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tó burú jù lọ ní ilẹ̀ wa níbí ni omi bátìrì ọkọ̀. Ẹ mọ bí a ti ń rìnrìn àjò: ẹrù wà nínú búùtù Micra, bátìrì kan tí dírẹ́fà gbé lọ fún rẹwáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó bìkítà. Bí omi yẹn bá ta sí okùn náílọ́ọ̀nù, tàbí tí èéfín rẹ̀ pàápàá fẹ́ sí i, a máa jẹ fọ́nrán inú rẹ̀ láìyí àwọ̀ èèpo padà, tí ojú kò fi ní rí i, tí ọwọ́ kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lérí mọ́ àlòkù. Ẹni tó ra okùn lójú títì kò mọ búùtù tó ti sùn rí.

Ìmọ̀ràn mi, tí àwọn kan tó ń tajà lè má fẹ́, ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má tíì ra okùn rárá. Kí ó ra bàtà, àmùrè àti akoto, kí ó wá wọ inú ẹgbẹ́ tí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ti kọ́ iṣẹ́ náà lójú àpáta lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe nínú fídíò. Okùn ẹgbẹ́ ni kí ó máa lò, kí ó sì máa wò bí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí yóò fi lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní okùn tí kò ní ìmọ̀, ìgbéraga ni okùn náà yóò kọ́ ọ, yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ sí Àdó-Àwáyè lọ́jọ́ Sátidé, ó di ọ̀gá òjijì.

Ó ku àwọn nǹkan wẹ́wẹ́. Ìkọ́ irin tí wọ́n ń pè ní kárábínà, tó ń ṣí tó sì ń pa ẹnu dé, kí ẹ̀yin ra èyí tó ní ìdè tí ń yí, kí ẹnu rẹ̀ má baà ṣí fúnra rẹ̀. Agbára rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí i lẹ́yìn, èyí tó bá sì ti tó 20 kN lè gbé ìwọ̀n bíi tọ́ọ̀nù méjì lọ́ọ̀ọ́rọ́. Èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lójú pópó, ó jọ ọ́, kì í ṣe òun. Bíréèkì okùn ni èyí tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń fi okùn há, kí ó lè dá ẹni tó wà lókè dúró. Irú rẹ̀ kan wà tó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ láti há okùn bí ìfà bá dé lójijì, owó rẹ̀ ga ju ti èyí tí kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, èmi yóò sì sọ pé kí ẹgbẹ́ tó bá lágbára rà á, àmọ́ kò sí bíréèkì kan lábẹ́ ọ̀run tó ní kí ẹ mú ọwọ́ kúrò lára okùn. Ẹfun ọwọ́, tó ń gbẹ òógùn, kò pọn dandan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má lọ fi ẹfun Ọbàtálá dípò o. Amọ̀ ni ìyẹn, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ yín.

Kò sí ohun èlò fún oyin. Òótọ́ ni oyin inú àpáta tí òwe ń wí, ihò àpáta wa kún fún wọn, ẹni tí okùn sì so mọ́ agbedeméjì ògiri kò ní ibi tí yóò sá gbà. Nítorí náà, ẹ bi àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ tó wà nítòsí léèrè ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárọ̀ kùtù, ni kí ẹ lọ. Bó bá di ọ̀sán, òkúta a máa gbóná, rọ́bà bàtà a máa rọ̀, a sì máa yọ̀, nígbà òjò sì rèé, ewédò a bo ojú àpáta. Ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ wólẹ̀ kí ẹ sì tọrọ àyè, nítorí kò sí òkè kan nílẹ̀ wa tí kò ní olúwa, òmíràn nínú wọn sì ní ojúbọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irin lu.

Kí n tó fi yín sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní fún àwọn tó ti ń gun àpáta tipẹ́, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ti òkè òkun kó ẹrù yín bọ̀ wálé. Okùn tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ yín, tàbí èyí tí ẹ kò mọ bí ó ti ṣe sùn, ẹ má ṣe tà á, ẹ má sì fi ta ọmọdé lọ́rẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan má ju ohun tí a lè fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ lọ.